Yinniyinni, Kẹ́ni Ó Ṣèmíìn: Fóònù àti Ìtara Àtinúwá

Ìfáárà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ilẹ̀ Yorùbá wá sí Zaria. Ní tiwa, ibí ni wọ́n bí wa sí, ibí náà ni a sì dàgbà sí. Èdè Haúsá ni a fi ń ṣeré ní kékeré, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá wa wí nílé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé, kí ni fóònù àti ẹ̀rọ ayélujára ń ṣe sí ìtara wa? Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn àgbà kò yé sọ pé fóònù ti sọ ọ̀dọ́ di ọ̀lẹ. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó tẹjú mọ́ fóònù láti aago 10 alẹ́ títí ládàánì fi pe ìrun àsùbáà kì í ṣe ọ̀lẹ, nítorí ọ̀lẹ a máa sùn. Ẹni yìí ní ìtara, ìtara rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Ohun tó yẹ kí á béèrè ni ibi tí ìtara náà ti wá, àti ẹni tí ó ń bá ṣiṣẹ́.

Oríkì ìtara

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí Yorùbá rò nípa ohun tó ń ti ènìyàn ṣe nǹkan, ẹ jẹ́ kí á tẹ́tí sí àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò. A ní "ìwúrí", a ní "ìmóríyá", a ní "kóríyá". Orí wà nínú gbogbo wọn: orí ń wú, orí ń yá. Bí orí ẹnìkan bá yá sí iṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò máa tì í. A tún ní ọ̀rọ̀ kan tó ṣe pàtàkì sí ẹ̀kọ́ yìí, ìyẹn ni "àtinúwá". Ọrẹ àtinúwá ni ọrẹ tí a kò fi ipá gbà lọ́wọ́ ẹni, tí ẹni tó ta á lọ́rẹ kò sì retí kí a san nǹkan padà.

Nítorí náà, a ó pe oríṣi ìtara kìíní ní ìtara àtinúwá. Òun ni ènìyàn fi ń ṣe nǹkan nítorí pé nǹkan náà dùn mọ́ ọn, tàbí nítorí pé ó gbà á gbọ́. Oríṣi kejì ni ìtara àtòdewá. Òun ni ènìyàn fi ń ṣe nǹkan nítorí ohun tí yóò gbà lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe máàkì, tàbí kí wọ́n má baà nà án.

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n. Àgbàlagbà méjì lè jókòó ti ọpọ́n láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ láìsí kọ́bọ̀ tí ẹnikẹ́ni ń gbà. Ọgbọ́n inú ayò náà, ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe, àti àwọn òǹwòran tó ń dá sí i, àwọn ni wọ́n mú un dùn. Ìtara àtinúwá nìyẹn. Ṣùgbọ́n alágbàro tó ń ro oko olóko, owó ló ń rò. Ìtara àtòdewá nìyẹn, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí èkejì ti ń lé èkíní jáde nínú ilé. Ojú wa rí èyí ní Dakace.

Ìrírí wa ní Dakace

Dakace wà lójú ọ̀nà tó gba Zaria lọ sí Jos. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ ní èdè wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá kan yọ̀ǹda àgbàlá rẹ̀ fún wa, abẹ́ igi máńgòrò ni a sì ń jókòó sí. Ìwé Aláwìíyé ti Olóyè J. F. Ọdúnjọ 3 péré ni a ní, pẹ̀lú pátákó ìkọ̀wé kan àti ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ 14 ló ń wá. À ń ka ìwé díẹ̀, à ń pa àlọ́ púpọ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún 9 lọ. Kò tíì lè ka odindi ojú ewé kan tán, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í mú àlọ́ tuntun wá láti ẹnu ìyá rẹ̀ àgbà.

Inú wa dùn, a sì fẹ́ kí ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpàdé kan ní oṣù Kejì, a dá ọgbọ́n kan. Ọmọ tó bá ka ojú ewé kan láìṣì í kà yóò gba máàkì 10. Bí máàkì rẹ̀ bá pé 50, a ó fi dátà ránṣẹ́ sórí fóònù ilé wọn. A dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún àwọn òbí, a sì ń to orúkọ àwọn ọmọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti orí ẹni tó ṣe ipò kìíní dé orí ẹni tó gbẹ́yìn. Inú àwọn eré orí fóònù ni a ti rí ọgbọ́n yìí kọ́, a sì rò pé a ti di ọlọ́gbọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmọ 22 ló wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti di 31. A ya fọ́tò, a gbé e sórí sitátọ́ọ̀sì wa, àwọn ènìyàn sì ń kí wa kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà lójú wa, a kò kàn kà á sí ni. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ojú ewé tó kúrú jù lọ. Wọ́n ń fi ìwé pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà rí i kà. Ọmọbìnrin alálọ̀ọ́ yẹn dákẹ́. Nígbà tí a bi í pé àlọ́ tọ̀sẹ̀ yìí dà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àlọ́ ò ní máàkì." Òótọ́ ló sọ. A kò fi máàkì sí àlọ́.

Ní ìparí oṣù Kẹrin, owó tán lọ́wọ́ wa. A sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí dátà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò dúró. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, ọmọ 9 ló wá. Òmíràn tilẹ̀ wà tó dé ẹnu géètì, tó fi Haúsá bi wá pé, "Yau akwai data?", ìyẹn ni pé ṣé dátà wà lónìí. A ní kò sí. Ó yí padà, ó lọ. Nígbà tó fi di àárín oṣù Karùn-ún, ọmọ 4 ló kù.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. A kò padà sí 14 tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn 4 tó kù yìí wà lára àwọn 14 náà, ìyẹn ni pé ọmọ 10 tó ń wá lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ kò wá mọ́, ọmọbìnrin alálọ̀ọ́ sì wà lára wọn. A ti fi dátà ra ohun tí wọ́n ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí owó tán, kò sí ohun tó kù.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí

Ìtìjú mú wa, a sì wá ìwé lọ. A rí i pé àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ti rí irú rẹ̀ kí wọ́n tó bí wa.

Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn láti máa fi gègé aláwọ̀ ya àwòrán, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà 3. Wọ́n ṣèlérí fún ìpín kìíní pé bí wọ́n bá ya àwòrán, wọn yóò gba ìwé ẹ̀yẹ tó ní ìràwọ̀ wúrà àti rìbọ́ǹ. Ìpín kejì gba ìwé ẹ̀yẹ náà lójijì, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣèlérí fún wọn. Ìpín kẹta kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n tún gbé àwọn gègé náà sílẹ̀ nínú kíláàsì láìsí ẹ̀bùn, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà láti òkèèrè. Àwọn tí kò gba nǹkan kan fi nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 àkókò wọn ya àwòrán. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì fi nǹkan bí ìdá 18 yà á. Àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún kò lò ju nǹkan bí ìdá 9 lọ. Ẹ ò rí i pé ẹ̀bùn gan-an kọ́ ló ba iṣẹ́ jẹ́, bí kò ṣe àdéhùn "ṣe èyí, kí o gba ìyẹn." Ọmọ tó gbọ́ àdéhùn yìí ti mọ̀ pé iṣẹ́ ni òun ń ṣe, kì í ṣe eré mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Edward Deci ti rí ohun tó jọ ọ́ ní ọdún 1971, láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n ń sanwó fún láti to eré Soma, ìyẹn àwọn igi kéékèèké tí à ń tò pọ̀ di oríṣiríṣi àwòrán. Ní ọdún 1999, òun àti Richard Koestner pẹ̀lú Richard Ryan kó ìwádìí 128 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ẹ̀bùn tí a lè fọwọ́ bà, tí a sì ti ṣèlérí rẹ̀ ṣáájú, a máa dín ìtara àtinúwá kù. Ṣùgbọ́n ìyìn ẹnu a máa fi kún un, pàápàá lára àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Wọ́n tún sọ pé bí iṣẹ́ náà kò bá dùn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀bùn kì í pa á lára, nítorí kò sí ìtara tí yóò pa.

Níbi tí a kà á dé yìí ni òwe àwọn bàbá wa ti sọ sí wa lọ́kàn: yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíìn. A ti ń pa òwe yìí láti kékeré, a sì rò pé òun gan-an ni à ń ṣe ní Dakace. Àṣé a kò gbọ́ ọ yé. Yíyìn ni àwọn àgbà wí, wọn kò wí sísan. Ẹni tó yìn ọ́ ti wo iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó san owó fún ọ lè má wò ó rárá.

Deci àti Ryan sọ pé nǹkan 3 ni ìtara àtinúwá ń jẹ kí ó tó lè yè. Èkíní ni òmìnira, kí ènìyàn mọ̀ pé òun ló yan ohun tí òun ń ṣe. Èkejì ni ìmọ̀ọ́ṣe, kí ó rí i pé ọwọ́ òun ń mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹta ni ìbáṣepọ̀, kí àwọn tó ka òun kún wà níbẹ̀. Ẹ fi èyí wo kíláàsì wa. Nígbà tí ọmọ ń mú àlọ́ tó wù ú wá, tí a ń rẹ́rìn-ín sí i, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Máàkì gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ orúkọ sọ ìmọ̀ọ́ṣe di ìtìjú fún àwọn tó wà nísàlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rẹ́ di abánidíje.

Bí fóònù ṣe ń ṣe é sí wa

Ẹnìkan lè sọ pé dátà ló ba kíláàsì yẹn jẹ́, kì í ṣe fóònù. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe sí àwọn ọmọ náà ni fóònù ń ṣe sí àwa náà lójoojúmọ́. Ọ̀nà 3 ni a rí.

(1) Ó ń fi iye rọ́pò ìyìn. Ní oṣù Kejì ọdún 2009 ni Facebook fi bọ́tìnì "Like" sí ojú ìkànnì rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni àmì méjì WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í di aláwọ̀ búlúù bí ẹnìkan bá ti ka ọ̀rọ̀ wa. Láti ìgbà náà, ohun tí a bá kọ ti di ohun tí à ń kà ní oókan-eéjì. Akéwì ẹgbẹ́ wa kan sọ fún wa pé òun ti dáwọ́ dúró láti máa kọ ewì gígùn, nítorí aláwàdà ni àwọn ènìyàn ń tẹ "Like" fún. Ẹ fi "Like" wé oríkì. Ẹni tó ń ki ọ́ mọ ilé bàbá rẹ, ó mọ ohun tí o ṣe. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì lè má ka ìlà kejì ohun tí o kọ.

(2) Ó ń fi èrè tí kò lákòókò dè wá. Onímọ̀ B. F. Skinner fi ẹyẹlé ṣe ìwádìí. Bí oúnjẹ bá ń wá ní ìgbà tí ẹyẹlé kò lè mọ̀, kò ní yé fi ẹnu sọ bọ́tìnì tó ń mú oúnjẹ jáde. Òun àti Charles Ferster kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1957. Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ẹ̀bùn òjijì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ yẹn kò retí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹyẹlé yìí ń retí ní gbogbo ìgbà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa. Nígbà mìíràn fóònù dún, ìròyìn ayọ̀ ni. Nígbà mìíràn ó dún, ìpolówó ọjà ni. Nítorí a kò mọ èyí tó jẹ́, a ń wò ó ṣáá. Ní ọdún 2006, Aza Raskin ṣe ojú ewé ayélujára tí kò lópin, tó jẹ́ pé bí o bá ti ń fà á lọ sókè ni tuntun ń jáde. Òun fúnra rẹ̀ ti wá sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀.

(3) Ó ń san èrè kí á tó ṣiṣẹ́. Ta ni kò ṣe é rí nínú wa? O to ìwé sórí tábìlì, o gbé ife tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ya fọ́tò, o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìdánwò ti dé. Ẹni 40 ti kí ọ kú iṣẹ́ kí o tó ṣí ojú ewé kìíní. Orí ti yá tán, kò sì sí ohun tó kù tí yóò tún yá a. A ti ṣe é, a sì mọ máàkì tí a gbà nínú ìdánwò náà.

Ǹjẹ́ fóònù ló burú?

Rárá o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn mìíràn pe àwọn ọmọ Yorùbá jọ láti fi èdè wọn kọ̀wé lórí Twitter ní gbogbo ọjọ́ náà, kí ilé-iṣẹ́ náà lè mọ̀ pé èdè wa yẹ ní èyí tí à ń lò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Wikipedia ti èdè Yorùbá ti ní àkọsílẹ̀ tó ju 30,000 lọ, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń kọ ọ́. Ìtara àtinúwá ló gbé e dúró, orí ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, tí wọ́n sì dá dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Oṣù 8 gbáko ni a fi jókòó sílé. A mọ ẹni tó fi fóònù rẹ̀ kọ́ aṣọ rírán lákòókò yẹn, tó sì ń fi rán aṣọ títí di òní. A sì mọ ẹni tó fi fóònù irú rẹ̀ gan-an wo eré àwàdà títí ilé-ẹ̀kọ́ fi ṣí. Ẹni àkọ́kọ́ ti mọ ohun tí ó fẹ́ kí ó tó mú fóònù. Ẹnìkejì ń retí kí fóònù sọ ohun tí òun fẹ́ fún òun.

Ohun tí a ṣe, àti ohun tí ẹ lè ṣe

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, a pa ìtòlẹ́sẹẹsẹ orúkọ rẹ́ nínú gúrúùpù. A lọ láti ilé dé ilé ní Dakace, a sì bẹ àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn náà a fún wọn ní iṣẹ́ mìíràn: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi fóònù ilé wọn gba ohùn àgbàlagbà kan sílẹ̀, ẹni tó bá wù ú, lórí ohun tó bá wù ú, ìbáà ṣe àlọ́, ìbáà ṣe oríkì, ìbáà ṣe ìtàn bí wọ́n ṣe dé Zaria. Abẹ́ igi ni a ti ń gbọ́ ọ, a ó sì jọ kọ ìlà méjì nínú rẹ̀ sójú pátákó. Kò sí máàkì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin alálọ̀ọ́ kò fi wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó dé, fóònù ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀ àgbà sì wà nínú fóònù. Àwọn ọmọ ní kí ó tún un fi sí i, ó tún un fi sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, ọmọ 12 ló ń wá. 8 nínú wọn wà lára àwọn 14 àkọ́kọ́. Àwọn 6 yòókù kò padà wá mọ́ títí di òní, a sì mọ̀ pé ọwọ́ wa ni ó ti bàjẹ́. Ní ibi tí ọmọ ti ń jí sí Haúsá tó ń sùn sí Haúsá, a kò mọ ibòmíràn tí wọn yóò ti kọ́ Yorùbá kíkà.

Ìmọ̀ràn wa nìyí:

(a) Ohun tí ọmọ tàbí àbúrò yín bá ti fẹ́ràn, ẹ má ṣe sanwó fún un. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní nǹkan, ẹ fún un lójijì. Ẹ fi owó ṣèlérí fún iṣẹ́ tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. A ń fún àwọn ọmọ tó ń gbá àgbàlá ní bisikíìtì, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

(b) Bí ẹ bá ń yin ènìyàn, ẹ dárúkọ ohun tí ó ṣe. "O gbìyànjú" kò tó. Ẹ sọ fún un pé, "Ọ̀nà tí o gbà pe ọkọ́ tó fi yàtọ̀ sí ọkọ̀ yẹn dára púpọ̀."

(d) Kí ẹ tó mú fóònù, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe jáde lẹ́nu. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ kàwé ná kí ẹ tó ya fọ́tò ìwé.

(e) Àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n fi dandan lé wa lórí. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ wá ìdí kan tó jẹ́ tiyín nínú ẹ̀kọ́ náà, bó ti wù kó kéré tó, kí ẹ sì dìí mú.

Àgbálọgbábọ̀

Fóònù kì í pa ìtara. Ó lè gba ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan kúrò lọ́wọ́ wa, kí ó sì fi iye rọ́pò rẹ̀, débi pé bí iye bá ti tán, àwa náà yóò dáwọ́ dúró. Kí olúkúlùkù wa máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí kò bá sí ẹni tí yóò tẹ "Like," ṣé n ó ṣì ṣe é? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó tún èrò rẹ̀ pa.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 4 ìrọ̀lẹ́, a ṣì ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní Dakace. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ kó máa bọ̀. Kó mú àlọ́ kan dání, kó má mú dátà wá. Ire o.